Ohun Tí Ìwé Ìsìnkú Ń Fò Dá

Láti ibùdókọ̀ Ìgàndó títí dé ìtòsí Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́, ìkéde òkú ló kún ara ògiri. Bàbá dé fìlà, ìyá wé gèlè. Lókè, wọ́n á ní olóògbé ti relé ògo. Nísàlẹ̀, orúkọ ọmọ, iye ọmọ-ọmọ, ọjọ́ àìsùn. Òjò á pa á, oòrùn á sá a, wọ́n á tún lẹ òmíràn lé e. Bí o bá fi èékánná gbé etí ìwé tòkè, ojú ẹlòmíràn á yọ lábẹ́ rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka àwọn ìwé yìí bí ẹni ń ka ewì, nítorí iṣẹ́ ọnà ni wọ́n. Ọlátúndé Báyọ̀ Láwuyì wà lára àwọn ọ̀mọ̀wé tó fi ojú ẹ̀kọ́ wò wọ́n. Ó so ìkéde òkú inú ìwé ìròyìn pọ̀ mọ́ bí a ṣe ń bọ àwọn babańlá. Mo gbà fún un. Ẹni tí a bá ti tẹ̀ sínú ìwé báyìí ti di ẹni à ń wárí fún, a kì í sì í ka àṣìṣe ẹni tí à ń wárí fún. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà náà ti kù káàtó. Á ka ilé-ìwé tí olóògbé lọ, oyè tó jẹ, ilé tó kọ́, á fo ìyókù dá.

Oríkì kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ló gbọ́ oríkì Ìbàdàn tí kò mọ̀ pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ olè tó ń jàre olóhun pamọ́? Síbẹ̀ orí ọmọ Ìbàdàn ń wú. Karin Barber, tó jókòó ti àwọn obìnrin akéwì Òkukù, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1991 pé ohun tó mú ẹnì kan yàtọ̀ ni oríkì ń wá, ìbáà gbayì, ìbáà tini lójú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Ìkòtún tó múlé ti Ìgàndó. Ibẹ̀ ni Wòlíì T.B. Joshua kọ́ Synagogue Church of All Nations sí. Àrìgìdì Àkókó ni wọ́n ti bí i ní 12 oṣù Kẹfà 1963. Ó kú ní 5 oṣù Kẹfà 2021, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan. 9 oṣù Keje ni wọ́n sin ín sínú ọgbà ìjọ náà. Nígbà ìsìnkú, aláàánú ni wọ́n pè é. Wọn kò purọ́. Opó tó gba ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ohun tó gbà. Onílé àlejò tí èrò ilẹ̀ òkèèrè ń sọ di ẹni tó ń jẹun mọ ohun tó pàdánù.

Ṣùgbọ́n ní 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ náà wó, ó pa ènìyàn 116. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà ló pọ̀ jù. Ní oṣù Keje 2015, adájọ́ tó wádìí ikú wọn di ẹ̀bi ru ìjọ náà, ìjọ kò gbà. Ní oṣù Kìíní 2024, BBC gbé fíìmù jáde tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Joshua àtijọ́ ti fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ àti ìfìyàjẹni kàn án. Ìjọ tún sẹ́. Láti ìgbà náà, ìrántí ọkùnrin yìí ti pín sí méjì: ẹni tó ń yìn ín kì í dárúkọ àwókù ilé, ẹni tó ń bú u kì í dárúkọ ìrẹsì. Onírárà tó mọṣẹ́ á fi ìmí kan ṣoṣo pe méjèèjì.

Wọ́n á ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Ní ọjọ́ àìsùn, tí omi ṣì wà lójú ọmọ òkú, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlú mọ̀ kì í ṣe òkú ọmọ rẹ̀ nìkan, òkú ìlú ni, ìlú ló sì ni ìtàn rẹ̀. Àwọn 116 yẹn náà ní ọmọ, ìtàn tiwọn sì wà nínú tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé ní Ìgàndó àti Ìkòtún, bí ọ̀rọ̀ wòlíì yìí bá tún kàn yín, ẹ kọ ìrẹsì sí i. Ẹ kọ 116 sí i pẹ̀lú.