Ọkọ̀ Tó Dúró Láìju Ìdákọ̀ró

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ìdákọ̀ró. Ohun tó ń dá ọkọ̀ ró. Àwọn baba wa rí irin wúwo kan tí wọ́n so mọ́ okùn tí wọ́n jù sínú omi, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara yóò jókòó sórí àga, tí kò ní ju irin kankan sómi, tí ọkọ̀ tó gùn tó pápá bọ́ọ̀lù méjì yóò sì dúró sójú kan bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ẹni tó jókòó sórí àga yẹn ni mo fẹ́ ká fojú sí. Dynamic positioning ni wọ́n ń pè é, DP ni wọ́n gé e kúrú sí, DPO sì ni orúkọ ẹni tó ń ṣe é.

Ọkọ̀ tó gùn tó pápá bọ́ọ̀lù méjì tí mo wí yẹn kì í ṣe àsọdùn. Monfalcone ni wọ́n ti kàn án, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Trieste ní apá àríwá Ítálì. Ilé-iṣẹ́ Fincantieri ló kàn án fún Micoperi ní nǹkan bí ọdún 1987. Nígbà tó di 1995, ó bọ́ sọ́wọ́ Saipem, àwọn ará Milan, wọ́n sì sọ ọ́ di Saipem 7000. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 198 mítà, fífẹ̀ rẹ̀ 87. Kéréènì méjì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lágbára láti gbé 7,000 tọ́ọ̀nù. Kò jọ ọkọ̀ rárá, àdúgbò kan tí wọ́n gbé ka orí òpó ló jọ. Bí iṣẹ́ bá yá, wọ́n á fa omi òkun sínú ikùn rẹ̀ títí yóò fi rì wálẹ̀ tó mítà 27, kí ìgbì tó ń jà lókè má baà rí i mì.

Báwo ni atukọ̀ ṣe ń dé irú ibẹ̀? Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni ti ọmọ Genoa tàbí ti Camogli, etíkun kan náà, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ ti wà tipẹ́. Yóò ka ìwé, yóò wọ ọkọ̀ ẹrù tàbí ọkọ̀ epo, yóò máa ṣọ́ òru, yóò máa gba ìwé ẹ̀rí lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di ọ̀gá. Gbogbo ohun tó kọ́ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ìrìn ni. Láti Genoa sí Santos, láti Santos sí Èkó, báwo la ṣe máa dé láìpẹ́ àti láìpàdánù. Ara rẹ̀ ti mọ ọkọ̀ tó ń rìn. Ìtọ́kọ̀ kì í gbọ́ràn àfi tí omi bá ń sáré kọjá lára rẹ̀. Fún irú atukọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó dúró jẹ́ ọkọ̀ tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀rù ìdúró ti wọ̀ ọ́ lára.

Ó wá dé ìdí epo, wọ́n ní: dúró.

Àwọn atukọ̀ tiwa náà mọ ìyípadà yìí, kì í sì í ṣe ìfẹ́ ọkàn nìkan ló gbé wọn débẹ̀. Ọdún 1959 ni wọ́n dá Nigerian National Shipping Line sílẹ̀, ọdún 1995 ni wọ́n tì í pa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Shell rí epo Bonga nínú ibú. Ní 2003, àwọn ará Ítálì mìíràn, Agip, bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo ní Abo, epo inú ibú àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà fà jáde. Bonga tẹ̀ lé e ní 2005. Ọkọ̀ ẹrù tó ń fi àsíá wa rìn ti wọlẹ̀, ọkọ̀ epo ló ń wá ènìyàn. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ jẹun nídìí òkun, ibẹ̀ ló kọjú sí.

Kí wá dé tí wọn ò kàn ju ìdákọ̀ró? Nítorí ibú ni. Nígbà tí Saipem 7000 ń to páìpù Blue Stream sí ìsàlẹ̀ Òkun Dúdú láàárín Rọ́ṣíà àti Tọ́kì ní 2001 sí 2002, ibi tó jìn jù níbẹ̀ tó 2,150 mítà. Ṣéènì wo lẹ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀? Àti pé níbi tí páìpù epo bá ti kún ìsàlẹ̀ òkun bí gbòǹgbò ìrókò, ẹni tó ju irin sómi ń wá wàhálà ni.

Àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1961, nítòsí erékùṣù Guadalupe ti Mẹ́síkò, ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní CUSS 1 gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ omi tó jìn ju 3,500 mítà lọ. Mọ́tò mẹ́rin ni wọ́n so mọ́ ọn lára. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ń wo rédà, ó ń wo àwọn bọ́ì tó léfòó tí wọ́n tò yí ọkọ̀ náà ká, ó sì ń fọwọ́ yí mọ́tò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ Eureka ti Shell gbé iṣẹ́ ọ̀hún fún ẹ̀rọ. Àwọn ènìyàn wá rò pé iṣẹ́ ọwọ́ ti parí. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ tábìlì náà.

Ohun mẹ́fà ni òkun lè fi ọkọ̀ ṣe. Ó lè tì í síwá-sẹ́yìn, ó lè tì í sọ́tùn-ún-sósì, ó lè yí imú rẹ̀ padà. Ó lè gbé e sókè kó sọ ọ́ kalẹ̀, ó lè mú kó fì sí ẹ̀gbẹ́, ó lè mú kó máa dọ̀bálẹ̀ kó máa dìde. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni DP ń bá òkun jà lé lórí. Mẹ́ta yòókù, òkun ló ni wọ́n. Fáànù ńláńlá abẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní thruster, ló ń ja ìjà náà, púpọ̀ nínú wọn sì lè yí kojú síbi gbogbo. Ẹ rántí ìyá tó ru ìkòkò omi láti odò bọ̀ láìfọwọ́ dì í mú. Ẹni tó wà lókèèrè á ní orí rẹ̀ ò mì. Ọrùn rẹ̀ ni kó wò: kò sinmi rárá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn thruster yìí, wọn ò mọ ìdúró, kí ọkọ̀ lè dúró.

Kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún wọn. Kí wá ni ènìyàn ń ṣe níbẹ̀? Ó ń ṣe iyèméjì. Kọ̀ǹpútà ní láti mọ ibi tí ọkọ̀ wà, kò sì sí ẹlẹ́rìí kan tó ṣe é gbà gbọ́ pátápátá. Sátẹ́láìtì ń sọ tirẹ̀ láti òkè, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá wọ abẹ́ pèpéle epo, irin pèpéle náà á bò ó lójú. Ní etíkun tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òfuurufú òkè lọ́hùn-ún máa ń dàrú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ láwọn oṣù kan, àmì sátẹ́láìtì á sì máa ṣẹ́jú bí àtùpà tí epo fẹ́ tán nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ agbóhùn tí wọ́n gbé sísàlẹ̀ òkun ń dáhùn láti ìsàlẹ̀, àfi tí ìfófòó thruster bá di ohùn rẹ̀. Iná lésà ń wọn ọ̀nà sí àmì kan tó ń dán lára pèpéle, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé òṣìṣẹ́ kan rìn kọjá pẹ̀lú ẹ̀wù tó ń kọ mọ̀nà, lésà sì fi àmì sílẹ̀, ó ń tẹ̀ lé ẹ̀wù. DPO tó gbọ́n kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́.

Ohun kan wà lójú ẹ̀rọ náà tí mo fẹ́ràn jù lọ. Ọfà kan ni, wọ́n kọ ìṣàn omi sí i lára. Kì í ṣe ìṣàn omi. Kọ̀ǹpútà mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ tó, ó mọ bí thruster ṣe ń tì tó. Gbogbo agbára yòókù tí kò mọ orísun rẹ̀, ó kó wọn sínú àpò kan, ó sì fún àpò náà ní orúkọ ìṣàn omi. Bí okùn kéréènì bá ń fa ọkọ̀, á ní ìṣàn omi ni. Bí páìpù tó ń sọ̀ kalẹ̀ bá ń fà á, tí wọn ò sì sọ fún un, ìṣàn omi náà ni. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ka ọfà yẹn bó ṣe rí. Àgbà DPO á wò ó, á bojú wo fèrèsé, á bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló ń fà wá gan-an? Ohun tí kò mọ̀ ló ń kà lójú ẹ̀rọ. Ojúlówó ìmọ̀ atukọ̀ nìyẹn, ọkọ̀ ẹrù ló sì ti kọ́ ọ.

Sùúrù ibẹ̀ tún ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá dé ibi iṣẹ́, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á dúró tó ìdajì wákàtí kí kọ̀ǹpútà lè fara mọ́ ọ̀nà tí òkun ọjọ́ náà ń gbà jà. Wọ́n á yàn láti dúró sí ìhà tí afẹ́fẹ́ yóò fi gbé ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ pèpéle, bí iná bá kú lójijì. Wọ́n á sún mítà 10, wọ́n á dúró. Wọ́n á sún mítà 5, wọ́n á tún dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì tó ṣe pàtàkì kí ìka tó ṣèèṣì má baà dá ìjàǹbá sílẹ̀. Ènìyàn méjì ló ń ṣọ́ ọ fún wákàtí 12, wọ́n sì ń pààrọ̀ àga láàárín ara wọn, torí pé ojú tó tẹjú mọ́ ohun tí kò yí padà máa ń tètè sùn láìpadé.

Mo ní láti yà bàrá díẹ̀ sí ìlú méjì tí kò ní òkun. Ní Padua ni Galileo Galilei ti kọ́ni ní ìṣirò láti 1592 sí 1610. Ní 1609, ó gbé awò rẹ̀ lọ sí Venice, ó fi han àwọn olóyè ibẹ̀ pé àwọn lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní wákàtí méjì kí ojú lásán tó rí i. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, láti Padua, ó rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Jupiter ká, ó sì pẹ́ tó fi ń rọ àwọn ìjọba pé kí atukọ̀ máa fi wọ́n mọ ibi tó wà lójú agbami. Orúkọ rẹ̀ ni Yúróòpù fún sátẹ́láìtì tiwọn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fáráyé ní December 2016. Aago sì ni ọkàn sátẹ́láìtì. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 300 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tí wọ́n pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan. Aago tó bá fi ìdá kan bẹ́ẹ̀ ṣìnà ti gbé ọkọ̀ lu pèpéle. Ilé-iṣẹ́ INRIM tó wà ní Turin, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aago Ítálì, wà lára àwọn tó bá ètò sátẹ́láìtì Galileo tún aago ṣe. Turin jìnnà sí etíkun, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìdúró ọkọ̀.

Ní 2004, Saipem 7000 gbé orí pèpéle Sabratha ní òkun Líbíà. Ó wọn 12,150 tọ́ọ̀nù. Ẹ ka tírélà tó kó 600 àpò sìmẹ́ǹtì; 400 irú wọn ni kéréènì méjì jọ gbé sókè pọ̀ láti ojú omi. Àwòrán kéréènì ni gbogbo ayé ń yà. Kò sẹ́ni tó ya àwòrán àwọn tó jókòó nínú yàrá, tí wọ́n ń wo ọfà tó ń pe ara rẹ̀ ní ìṣàn omi.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́ ni a máa ń rí i. Ní September 18, 2012, ọkọ̀ Bibby Topaz wà ní Òkun Àríwá, àwọn òmùwẹ̀ rẹ̀ méjì sì ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, ní nǹkan bí 90 mítà. DP kú. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ lọ. Wọ́n ké sí àwọn òmùwẹ̀ pé kí wọ́n padà, ṣùgbọ́n okùn Chris Lemons há mọ́ irin, ọkọ̀ sì ń fà á. Okùn yẹn ló gbé atẹ́gùn rẹ̀, omi gbígbóná rẹ̀, iná rẹ̀ àti ohùn rẹ̀. Ó já. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni atẹ́gùn inú agolo ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbà.

Lókè, nínú òkùnkùn àti ìgbì, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ gbé ọwọ́ lé thruster lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn ti 1961. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Bí wọ́n bá tì í ju bó ṣe yẹ lọ sí ọ̀tún, imú á yí. Bí wọ́n bá tún imú ṣe, ìdí á sá lọ. Wọ́n ń fọwọ́ darí rẹ̀ bọ̀, wọ́n sì ń tún ẹ̀rọ tàn, títí ọkọ̀ fi padà sórí ọkùnrin náà. Ó ti lé ní ìdajì wákàtí. Ẹnìkejì rẹ̀ gbé e wọ agogo abẹ́ omi, wọ́n mí sí i lẹ́nu ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó jí.

Ayé mọ orúkọ Lemons, wọ́n ti fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù. Ti àwọn tó fọwọ́ mú ọkọ̀ padà, mo lérò pé ó yẹ kí wọ́n máa fi kọ́ni ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ atukọ̀, ti Genoa àti ti Oron wa.

Bí ẹ bá dúró létí òkun Èkó, ẹ óò rí ọkọ̀ lọ súà tó ju ìdákọ̀ró, tó ń dúró de àyè ní Àpápá. Àwọn tí mò ń sọ kò sí lára wọn. Òkèèrè ni wọ́n wà: Bonga jìnnà sí etíkun tó 120 kìlómítà, omi ibẹ̀ sì jìn ju 1,000 mítà lọ.