Tom, Jerry àti Obìnrin Tí A Kò Rí Ojú Rẹ̀

Àwọn òbí wa kì í yé sọ pé kàtúùnù ìgbà tiwọn dára ju ti òde òní lọ. Ní àdúgbò wa ní Èbúté Ìkòròdú, bí àgbà méjì bá jókòó, tí ọmọdé kan sì tan tẹlifíṣọ̀n, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa ka orúkọ: Voltron, SuperTed, Captain Planet, Tom and Jerry. Wọn yóò ní ìrọ̀lẹ́ ni àwọn máa ń dúró dè kí NTA tó ṣí, tí NEPA bá sì mú iná lọ, ó parí nìyẹn. Mo gbà pé ìdúró yẹn wà lára adùn rẹ̀. Ohun tí a kò lè rí nígbà tó bá wù wá kì í tètè sú ni.

Síbẹ̀, ìdúró nìkan kò lè sọ kàtúùnù di ohun rere. Mo ti wo Captain Planet, tó jáde ní 1990. Inú mi dùn pé Kwame, ọmọ Áfíríkà, ló ni òrùka ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀bàyéjẹ́ inú rẹ̀ kàn ń da ìdọ̀tí káàkiri nítorí pé ìwà wọn burú ni. Ẹni tó bá ti rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ń léfòó lójú ọ̀sà mọ̀ pé kò sí ọ̀bàyéjẹ́ kankan tó wá dà á síbẹ̀. Àwa náà ni.

Ti Tom and Jerry yàtọ̀. William Hanna àti Joseph Barbera ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1940. Fíìmù kéékèèké 114 ni wọ́n ṣe fún ilé iṣẹ́ MGM, méje nínú wọn sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò pọ̀ níbẹ̀, orin ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà mi tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i kí èmi tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Ìjàpá ni eku yẹn. Mo rò ó títí, mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ìjàpá a máa jìyà àrékérekè rẹ̀ kí àlọ́ tó parí. Jerry kì í sábàá jìyà; Tom ni gbogbo ìyà ń jẹ.

Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé àṣírí ìfẹ́ àwọn àgbà wà. Nígbà tí mo kéré, ẹ̀yìn Jerry ni mo wà. Ẹ̀yìn Tom ni bàbá mi wà. Ẹ wo fíìmù àkọ́kọ́, Puss Gets the Boot, nígbà tí ológbò náà ṣì ń jẹ́ Jasper. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé kìlọ̀ fún un pé bó bá tún fọ́ ohun kan péré sí i, òun yóò lé e síta. Eku náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá gbé ife dání, ó ń halẹ̀ pé òun yóò jù ú sílẹ̀. Ológbò tó fẹ́ pa á jẹ dúró gbagidi. Ọmọdé á rẹ́rìn-ín nítorí ife. Àgbà tó ń ti Ìkòròdú wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù lójoojúmọ́, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ti sọ fún pé kò gbọdọ̀ pẹ́ dé mọ́, ara rẹ̀ ló ń wò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni obìnrin tó ń kìlọ̀ yẹn? Nígbà tí mo bi àwọn àgbà ilé wa, wọ́n rántí Tom, wọ́n rántí ajá, wọ́n tilẹ̀ rántí wàràkàṣì. Wọn ò rántí rẹ̀. Obìnrin dúdú ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀, bàtà rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ la mọ̀. Wọn kì í sábàá jẹ́ ká rí ojú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì fi sí i lẹ́nu jẹ́ irú èyí tí àwọn òyìnbó ìgbà náà fi ń fi ìránṣẹ́ dúdú ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárín 1960 sí 1969, wọ́n tún apá kan lára àwọn fíìmù náà yà fún tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, wọ́n fi obìnrin òyìnbó rọ́pò rẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn tún burú sí i: ẹni tí kò lójú tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí kò sí rárá.

Mo ti wo Iwájú náà, tí Disney àti Kugali gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024. Apá mẹ́fà péré ni. Èkó ni wọ́n yà, Tọlá ọmọ Erékùṣù àti Kọ́lé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ojú wọn hàn kedere. Ìtàn ajínigbé inú rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó lójú mi, Gẹ̀ẹ́sì sì pọ̀ ju Yorùbá lọ lẹ́nu wọn. Tom and Jerry ṣì fi àwàdà jù ú lọ fíìfíì. Òótọ́ ni mo gbọ́dọ̀ sọ.

Àǹtí mi ní, “Kàtúùnù lásán lo fẹ́ fi ìwé kíkà bà jẹ́ yìí.” Kò bàjẹ́ o. A ṣì ń wò ó nílé, a ṣì ń rẹ́rìn-ín. Nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ obìnrin náà bá ti wọlé, mo máa ń dá fíìmù dúró díẹ̀, kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún àbúrò mi ọmọ ọdún méje. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó ní òun fẹ́ ya ojú fún un. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi ló yà á sí. Gèlè tó wé fún un tóbi ju orí lọ.