Gbígbé Sípíríìngì Ẹ̀yìn Jeep YJ Sórí Àsù

Lábẹ́ àsù ni sípíríìngì onípele Jeep Wrangler YJ wà, ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1987 sí 1995. Àwọn tó ń wà á lórí àpáta máa ń gbé sípíríìngì náà bọ́ sórí àsù. Èyí nìkan ń mú kí ọkọ̀ ga sí i ní nǹkan bí íǹṣì 5, sípíríìngì ò sì ní le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹwà iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ìjókòó sípíríìngì tuntun tí wẹ́dà máa jó mọ́ orí àsù ló gba ọgbọ́n jù. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ kì í jó o pa lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà, á yí àsù títí ẹnu rẹ̀ yóò fi kọjú sí pírópẹ́là bó ṣe yẹ, á wá fi iná kàn án díẹ̀ kó tó jó o pa. Bí kò bá gún, pírópẹ́là á máa gbọ̀n. Ṣọ́kì àti ọ́ọ̀sì bíréèkì náà gbọ́dọ̀ gùn sí i.

Àléébù rẹ̀ ni pé bí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù, àsù á fẹ́ yí, sípíríìngì á sì wọ́ bíi lẹ́tà S. Ọ̀pá irin láti àsù sí férémù ló ń dá a dúró. Ẹni tí kò bá ní í fi ọ̀pá yìí sí i, kó má dáwọ́ lé iṣẹ́ náà rárá.