Àkíyèsí gẹ́gẹ́ bí Ìlànà Ìwádìí nínú Sàíkọ́lọ́jì: Àyẹ̀wò Ìwé Drewal àti Drewal lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kan gbogbo ẹni tí ó bá fi ojú ṣe irinṣẹ́ ìwádìí. Nínú sàíkọ́lọ́jì, àkíyèsí ni kí olùwádìí máa wo ìhùwàsí ẹ̀dá níbi tí ó ti ń wáyé, kí ó sì ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó lè wò ó láti òkèèrè. Ó sì lè bá àwọn tí ó ń wò kópa. Jean Piaget, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ mọ orúkọ rẹ̀, gbé púpọ̀ nínú èrò rẹ̀ nípa òye ọmọdé ka àkíyèsí tí ó ṣe lórí ọmọ tirẹ̀ mẹ́ta.

Iṣẹ́ yìí yẹ ìwé kan tí ó jẹ mọ́ agbègbè Yewa wò, láti mọ ohun tí ojú lè rí àti ibi tí agbára ojú pin sí. Ìwé náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́: Art and Female Power among the Yoruba, tí Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal tẹ̀ jáde ní 1983. Ìwé iṣẹ́ ọnà ni, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èrò àti ìhùwàsí àwùjọ.

Ìtóye Ìwé Náà
Ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá Kétu àti Yewa, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò kí 1995 tó dé, ni ìwé náà dá lé lórí. Àwọn òǹkọ̀wé kò wo eré lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n máa lọ. Wọ́n wo Ẹ̀fẹ̀ lóru, wọ́n wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́sàn-án, ní ìlú tí ó ju ẹyọ kan lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe láti ya àṣà gbogbogbò sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kan.

Henry Drewal tún ṣe ju wíwò lọ. Ní àwọn ọdún 1970, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ògúndípẹ̀, agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Ìlaròó. Ọmọ iṣẹ́ a máa wo ọwọ́ ọ̀gá, a gbìyànjú, ọ̀gá a sì tún un ṣe. Àǹfààní ńlá ibẹ̀ nìyí: ẹni tí a ń wò lè tọ́ ẹni tí ń wò sọ́nà.

Ibi Tí Ó Kù Sí
Ẹ̀fẹ̀ a máa fi orin bú oníwà ìbàjẹ́, a sì máa yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Orin, ère, ijó àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà ni ẹ̀rí tí ìwé náà gbára lé. Èyí tó láti mọ ohun tí àwùjọ ń sọ nípa agbára obìnrin. Kò tó láti mọ ohun tí ó wà lọ́kàn obìnrin kan tí ó dúró láàárín èrò, tàbí bóyá ẹni tí wọ́n kọrin bú yí ìwà padà. Ikùn ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Ẹ̀rín ni ojú rí. Ìdí ẹ̀rín, ìtumọ̀ ni. Ẹnì kan lè rẹ́rìn-ín nítorí pé orin náà tọ̀nà, kí ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín nítorí ìbẹ̀rù pé ó lè kan òun lọ́la. Onísàíkọ́lọ́jì ní láti tẹ̀ lé ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣáájú eré àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́
Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀, àlejò ni. Àwọn ọmọ lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ nítorí pé ó wà níbẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ pé ‘ọmọ yìí ń purọ́’, kò tíì ṣe àkíyèsí. Àkíyèsí ni ‘ó wolẹ̀ nígbà tí a bi í ní ìbéèrè’. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé ọmọ kì í tẹjú mọ́ àgbà. Bí ọ̀rọ̀ bí ‘olódo’ bá wọ inú àkọsílẹ̀, ó lè tẹ̀ lé ọmọ láti kíláàsì dé kíláàsì.

Ìgúnlẹ̀
Kí a kọ ohun tí ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a rò pé ó túmọ̀ sí. Kí a wò ó lọ́jọ́ tí ó ju ẹyọ kan lọ. Kí a sì bi ọmọ, òbí àti olùkọ́ kíláàsì léèrè. Wọ́n ní ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Òótọ́ ni fún òǹwòran. Ní ti olùwádìí, lẹ́yìn ìran ni ìbéèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.