Fọ́ǹtì Gentium àti Àmì Ohùn Yorùbá

Àmì ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lára ọ̀rọ̀ Yorùbá. Òun ni ó ya ọkọ́ àgbẹ̀ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ tí èrò ń wọ̀. Nítorí náà, ẹwà nìkan kọ́ ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n fọ́ǹtì, èyí tí í ṣe àkójọ àwòrán lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà.

Nínú Unicode, ètò tí ó fún lẹ́tà àgbáyé ní nọ́ńbà, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni a ń fi àmì ohùn kún lẹ́tà. Fọ́ǹtì ni yóò mọ ibi tí àmì náà yóò jókòó sí. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, òǹkàwé a sì ṣìnà.

Níbí ni iṣẹ́ Victor Gaultney ti ta yọ. Gentium Plus, tí ó jáde ní 2010, ń gbé àmì ohùn sí àárín orí lẹ́tà gan-an. Ìwé àṣẹ rẹ̀, Open Font License ti SIL, jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Kìkì pé kò gbọdọ̀ ta fọ́ǹtì náà ní òun nìkan.

Síbẹ̀, fọ́ǹtì kò gbọ́ ohùn: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi àmì fi sí ọ̀rọ̀, yóò tẹ àṣìṣe náà jáde ní mímọ́ tónítóní. Iṣẹ́ olùkọ́ ni àtúnṣe èyí. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí ó ń béèrè àmì ohùn lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní àwáwí mọ́ bí ìwé ìbéèrè tirẹ̀ kò bá ní in.