Ta ni "wa" nínú "Ìpínlẹ̀ wa"? Ọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè fún Ìpínlẹ̀ Lagoon

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di olóyè ní Ẹ̀pẹ́ báyìí, fi ìwé olójú-ewé mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí n bá òun yẹ Yorùbá inú rẹ̀ wò, kí n sì buwọ́ lù ú. Ìbéèrè fún ìpínlẹ̀ tuntun ni: kí wọ́n yọ Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí kúrò lára Èkó, kí wọ́n sọ wọ́n di Ìpínlẹ̀ Lagoon. Orúkọ náà kì í ṣe tuntun. Ó wà lára àwọn ìbéèrè mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàtúnṣe ìwé òfin ní Ilé Aṣojú-ṣòfin kéde ní oṣù kejì ọdún 2025. "Prof, orúkọ yín á ràn wá lọ́wọ́," olóyè ló wí bẹ́ẹ̀. Mo mú pẹ́ńsù pupa, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kíláàsì mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jìyà pẹ́ńsù yẹn rí, ẹ ó rántí.

Orúkọ ni mo kọ́kọ́ fà lálà sí. Àwọn ará Pọ́túgà ló pe Èkó ní Lagos. Adágún omi ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Lagoon náà, inú Látìnì kan náà ló ti wá, ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń bínú kúrò nílé bàbá, tó wá ń fi orúkọ bàbá náà ṣe orúkọ ara rẹ̀, kò tíì kúrò nílé. Ṣebí a ní ọ̀sà? Gbogbo apẹja láti Báyékù títí dé Ẹ̀jìnrìn ló mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀sà.

Orúkọ kejì tó dùn mí ni IBILE. Ẹ mọ̀ pé lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ Ikeja, Badagry, Ikorodu, Lagos àti Epe ni wọ́n tò pọ̀ tó fi bọ́ sí "ìbílẹ̀", àfi bíi pé èdè fúnra rẹ̀ ló ṣètò rẹ̀. Bí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ bá jáde, I, B, L ló kù. Ẹ bá mi pè é. Àmọ́ èmi náà mọ̀ pé a kì í tìtorí kí lẹ́tà má baà bàjẹ́ ká ní kí èèyàn máa jìyà, nítorí náà mo ṣí ojú ewé.

Níbi ìtàn, olóyè kọ ọ́ pé "Èkó gbà wá lọ́wọ́ ara wa ní 1967." Mo fi pẹ́ńsù pa á rẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí wọ́n kéde ìpínlẹ̀ méjìlá ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967. A kì í ṣe ti ara wa ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ìwọ̀-Oòrùn la wà, Ìbàdàn ni olú-ìlú wa, bí bàbá mi bá sì ní ìwé ìjọba tó fẹ́ gbà, á gba Ṣàgámù lọ sọ́hùn-ún, á sùn mọ́jú. Èkó gan-an ló dá dúró nígbà náà. Láti 1954 ni wọ́n ti yọ erékùṣù náà àti ilẹ̀ díẹ̀ tó yí i ká kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n sọ ọ́ di agbègbè ìjọba àpapọ̀. Mínísítà ló ń ṣàkóso rẹ̀; Músá Yar'Adua, ọmọ Kàtsínà, ló wà nípò náà ní ìjọba alágbádá àkọ́kọ́. Kò ní ìjọba tirẹ̀, kò ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Àwọn ọmọ Èkó tó ń pariwo "Gèdègbé l'Èkó wà" gba gèdègbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gèdègbé tí ò ní olórí nílé ni. Nígbà tí agbègbè erékùṣù yẹn wá fẹ́ di ìpínlẹ̀ gidi, ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù. Àwa ni wọ́n fi kún un: Ìkẹjà, Bádágìrì, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́. Ológun ló fọwọ́ sí i, wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ yẹn ni olóyè jàre. Wọn ò bi wá. Àmọ́ wọn ò bi ará Ìsàlẹ̀ Èkó náà.

Ó sì yà mí lẹ́nu pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ gbàgbé ìtàn tó lágbára jù lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá wá. Ní oṣù kẹsàn-án 1854, Gẹ̀ẹ́sì bá a tọwọ́ bọ̀wé ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀: ó jọ̀wọ́ Èkó, àwọn náà gbà fún un ní èbúté Palma. Ìlú tí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè bá tọwọ́ bọ̀wé ti dá dúró rí, ó ju ìpínlẹ̀ lọ. Títí di òní, Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ṣì wà nínú ìlú kan náà.

Ẹnu Ìjẹ̀bú yìí gbé mi dé ibi tí iṣẹ́ mi wà. Ìwé náà sọ pé "èdè wa yàtọ̀ sí ti Èkó." Òótọ́ ni. Ẹ gbọ́ ìyá alẹ́ja kan lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹ sì gbọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Ṣùgbọ́n ta ni èdè náà jọ? Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù ni. Bí èdè bá ni ẹ̀rí, kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Lagoon ló ń tọ́ka sí, Ìpínlẹ̀ Ìjẹ̀bú tí àwọn kan ń béèrè láti ara Ògùn ló ń tọ́ka sí. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé pé: "Olóyè, ẹ̀rí yìí ń jẹ́rìí fún ẹlòmíràn."

Ti owó ni apá tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Nínú owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín, ìdá 26.72 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀. Ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn, ọgbọọgba ni wọ́n ń pín in, nítorí pé ìpínlẹ̀ ń jẹ́ ìpínlẹ̀ lásán. Báyélsà tó ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ àti Kánò tó ní mẹ́rìnlélógójì, ọ̀kan náà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ì-pín-ilẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ààlà oko ni àwọn àgbà ń pè bẹ́ẹ̀. Pípín wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ta ni yóò bá ẹni tó fẹ́ ìpín tirẹ̀ jà? Èmi ò lè bá a jà. Ohun tí olóyè ò kọ ni owó oṣù gómìnà, kọmíṣánnà, aṣòfin àti adájọ́ tí ìpínlẹ̀ tuntun á kọ́kọ́ san kí ó tó gbẹ́ kòtò kan lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtóìkín.

Lẹ́yìn owó ló wá to "ọrọ̀ wa": ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn ní Ìjẹ̀dẹ́ tó lè pèsè 1,320 mẹgawáàtì, èbúté ọkọ̀ Lẹ́kí, ilé ìfọpo Dangote. Lórí "wa" yìí ni pẹ́ńsù mi ti dúró.

"Wa" inú Yorùbá kò sọ bóyá ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Fúlàní ní ọ̀rọ̀ méjì: *en* ni èmi àti ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, *min* ni àwa láìsí ìwọ. Bí olóyè bá kọ ìwé yìí ní Fúlàní, á di dandan kó yan ọ̀kan. Ìgbò tó ti ń tajà ní Sábọ́ Ìkòròdú láti ọgbọ̀n ọdún, ṣé ó wà nínú "wa"? Ìlàjẹ tó ń gbé etí ọ̀sà ńkọ́? Ayálégbé tó ń jí lágogo mẹ́rin àárọ̀ lọ síṣẹ́ ní Ìkẹjà, tí ọmọ rẹ̀ mẹ́ta bí sí Ọ̀gíjó ọ̀hún yẹn?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ gírámà lásán ni. Abala kẹjọ ìwé òfin 1999 ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àti kánsílọ̀ agbègbè náà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà kí ìdá méjì nínú mẹ́ta "àwọn èèyàn agbègbè" náà gbà nínú ìdìbò, kí ọ̀pọ̀ nínú gbogbo ìpínlẹ̀ gbà, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Ábújá tún wá gbà. Ìjọba alágbádá ò rí ọ̀kan dá sílẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n dá Àárín Gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní 1963. Ológun ló dá gbogbo ìyókù, tó fi dé àwọn mẹ́fà ti 1996. "Àwọn èèyàn agbègbè" sì rèé, òfin ò sọ wọ́n di onílùú, kò sọ wọ́n di olùgbé.

Erékùṣù Puerto Rico kọ́ wa ní tirẹ̀. Amẹ́ríkà ti gbà á láti 1898, ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n láti 1917, síbẹ̀ ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ kì í dìbò yan ààrẹ. Ní 2017 wọ́n dìbò, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn fẹ́ di ìpínlẹ̀ gidi. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ìdá mẹ́tàlélógún péré nínú àwọn olùdìbò ló jáde. Àwọn tí ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ jókòó sílé. Wáṣíńtìnnì ò dá wọn lóhùn. "Wa" tí ẹlòmíràn lè kọ̀ láti wọ inú rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ.

Mo dá ìwé náà padà lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú àtúnṣe mẹ́rin, mi ò sì tíì buwọ́ lù ú. Mo ní kó kọ gbólóhùn kan kún un, èyí tó sọ ẹni tí yóò dìbò. Olóyè pè mí láàárọ̀ yìí. Kò bínú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní òun ka gbólóhùn tí òun kọ fún ìpàdé àwọn, "gbogbo ẹni tó ń gbé àárín wa," ìpàdé sì tú ká láì parí. Àwọn kan ní ọmọ onílùú nìkan ni kó jẹ́. Ó bi mí pé, "Prof, kí ni kí n kọ?"

Mo ní kó mú un wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, ká jọ jókòó tì í.