Baird, Farnsworth àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán

Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àtijọ́ kì í gbé odidi àwòrán ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ńṣe ló máa ń gé e sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, tí yóò sì máa rán wọn lọ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó gbà wọ́n yóò tún wọn tò kíákíá débi pé ojú kò ní fura. Lórí ọgbọ́n yìí ni ẹnu àwọn aṣẹ̀dá rẹ̀ ti kò. Ohun tí wọ́n fi ń gé àwòrán ló pín wọn níyà.

Ní 1884, Paul Nipkow, akẹ́kọ̀ọ́ kan nílùú Berlin, dábàá àwo pẹrẹsẹ kan tí ihò ara rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Bí àwo náà bá ti ń yí, ihò kọ̀ọ̀kan yóò gba ìlà tirẹ̀ kọjá lójú àwòrán. Nipkow gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan ẹ̀rọ náà rí.

John Logie Baird, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló sọ àbá yìí di ohun àfojúrí. Ìlú Hastings ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1923. Àpótí tí wọ́n fi ń kó tíì, abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti gíláàsì iná kẹ̀kẹ́ wà lára ohun tó tò pọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 1925, ní London, orí ọmọlangidi kan hàn kedere lójú ẹ̀rọ rẹ̀. Baird sáré sọ̀kalẹ̀ lọ mú William Taynton, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìsàlẹ̀, wá jókòó síwájú iná tó gbóná janjan. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní 1926, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Royal Institution wá wò ó. Ìlà 30 péré ni àwòrán náà ní, síbẹ̀ ojú ènìyàn ni wọ́n rí, ó sì ń mira. Iyì ọjọ́ yẹn kò yẹ ẹlòmíràn.

Àmọ́ àìsàn ara ọ̀nà náà kò ṣeé wò. Bí ìlà bá ti ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i, ihò kékeré kì í sì í gba ìmọ́lẹ̀ tó.

Ọ̀dọ̀ ọmọ àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Philo Farnsworth, ni ọ̀nà mìíràn ti wá. Ọmọ ọdún 14 ni, lóko wọn ní Rigby, ìpínlẹ̀ Idaho, nígbà tó wo poro oko tó tò lọ gbọọrọ, tó sì rò ó pé bí a ti ń túlẹ̀ ní poro kan tẹ̀ lé òmíràn ni a lè fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ka àwòrán. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún olùkọ́ rẹ̀, Justin Tolman. Kò sí àwo tó ń yí nínú èrò yìí rárá: inú ìgò tí a ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán ni gbogbo iṣẹ́ ti ń lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 1927, ní San Francisco, ìlà kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́. Lójú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìlà kan yẹn wúwo ju ojú Taynton lọ, nítorí ó ní àyè láti dàgbà.

Kámẹ́rà Farnsworth náà ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣòfò. Vladimir Zworykin, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń bá ilé-iṣẹ́ RCA ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló ṣe kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní iconoscope, tó ń kó agbára ìmọ́lẹ̀ jọ kó tó kà á.

Ní 1936, BBC dán ìlà 240 ti ilé-iṣẹ́ Baird wò pẹ̀lú ìlà 405 ti ilé-iṣẹ́ Marconi-EMI. Ilé-iṣẹ́ Baird fúnra rẹ̀ ti ń lo kámẹ́rà Farnsworth nígbà náà. Ní oṣù Kejì 1937, BBC pa ti Baird tì.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ Farnsworth àti RCA di ẹjọ́ lórí ẹni tó kọ́kọ́ ní èrò náà. Tolman jẹ́rìí sí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti sọ fún un, wọ́n sì dá Farnsworth láre. Ní 1939, RCA gbà láti máa sanwó fún un. Ní 1947, ìwé ẹ̀tọ́ Farnsworth pé ọdún 17, ó sì parí, nígbà tí amóhùnmáwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà.